Nicodemus: Abúlé Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Kò Dé

Nínú ìwé ọdọọdún wa yìí, a ti sọ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe dé òkè Ọya, a ti sọ ti ọjà tí wọ́n ná, a ti sọ ti ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tí wọ́n kọ́. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú yín rìn jìnnà díẹ̀. Abúlé kékeré kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní apá tí wọ́n ń pè ní Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn, ní ìpínlẹ̀ Kansas. Nicodemus ni orúkọ abúlé náà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ka àwọn ènìyàn rẹ̀ ní 2020, ènìyàn 14 péré ni wọ́n kà níbẹ̀. Ẹni 14! Àwọn tó ń jókòó lẹ́yìn nínú ìpàdé oṣooṣù wa, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nígbà tí akọ̀wé bá ń ka ìwé, wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn yìí gan-an ló gbé mi dé ìdí ìtàn náà. Ní oṣù March 2006, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ń múra láti ka ènìyàn, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ilé wa. Ìyá mi ní kí gbogbo wa wọ mọ́tò padà sílé kí wọ́n lọ kà wá níbẹ̀, kí ìlú wa má baà kéré lójú ìjọba. Bàbá mi, tó fi ọdún 31 ṣiṣẹ́ rélùwéè lókè Ọya níbí, ní ibi tí ènìyàn bá ń sùn ni kí wọ́n ti kà á. Olúkúlùkù wọn ló ní ẹjọ́ rò. Níkẹyìn ìyá mi lọ, bàbá mi dúró, wọ́n ka ọkọ sí ìpínlẹ̀ kan, wọ́n ka aya sí òmíràn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú pé kí ni iye ènìyàn ìlú kan túmọ̀ sí gan-an. Ìgbà tí mo ka ìtàn Nicodemus ni mo rí àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ju wá lọ.

Ilẹ̀ náà àti òjò rẹ̀

Kansas wà ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, òkun jìnnà sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Apá ìlà oòrùn rẹ̀ ní igi, ó sì ní omi. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣe ń rìn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ á máa ga díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ó di òkè, igi á máa dín, òjò náà á máa dín. Nicodemus wà ní àríwá ìwọ̀ oòrùn ìpínlẹ̀ náà, ní Graham County. Kaúńtì lọ́dọ̀ wọn dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa. Abúlé náà wà lápá àríwá odò kan tí wọ́n ń pè ní South Solomon. Kì í ṣe odò ńlá, ẹ má fi wé odò Ọya tàbí odò Kàdúná. Ẹ̀bá odò yìí nìkan ni igi díẹ̀ wà. Tí ènìyàn bá ti kúrò níbẹ̀, ọ̀dàn gbalasa ló kù, koríko títí ojú fi rí i dé. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kano sí Katsina rí lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn lè fojú inú wo bí ilẹ̀ náà ṣe tẹ́jú tó, àmọ́ kò ní rí igi dóńgóyárò kan ṣoṣo tí yóò sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ òjò, nítorí òun ni ìdí ohun púpọ̀ tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú àwòrán ayé, ìlà kan wà tí wọ́n fà láti àríwá sí gúúsù, tí wọ́n ń pè ní ìlà 100 ìwọ̀ oòrùn. Ní 1878, John Wesley Powell, tó ń ṣiṣẹ́ ìwọ̀nlẹ̀ fún ìjọba Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde tó fi kìlọ̀ pé láti nǹkan bí ìlà yìí lọ sí ìwọ̀ oòrùn, òjò kò tó kí àgbẹ̀ gbára lé òun nìkan, àfi kí wọ́n fa omi odò sí oko. Nicodemus wà ní nǹkan bí máìlì 20 péré sí ìlà oòrùn ìlà náà. Ẹnu ààlà òjò gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ọdún tí òjò bá rọ̀ dáadáa, àlìkámà àti àgbàdo á ṣe, inú olóko á dùn. Ọdún tí ọ̀dá bá dá, a kì í kórè tó ohun tí a gbìn. Nígbà òtútù ẹ̀wẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa ti àríwá fẹ́ wá pẹ̀lú yìnyín, kò sì sí òkè tàbí igbó tí yóò dá a dúró. Ọyẹ́ tí à ń sunkún rẹ̀ níbí ní oṣù January, eré ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń gbójú fò. Ilẹ̀ náà kò ṣófo láti ayébáyé. Àwọn ẹ̀yà Pawnee, Cheyenne àti Kansa, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń dọdẹ ẹfọ̀n lórí ọ̀dàn yẹn kí ìjọba tó lé wọn kúrò. Ìgbà tí wọ́n lé wọn tán ni wọ́n wá ń pín in fún àwọn tó fẹ́ dáko.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, oko ẹrú sì dópin. Wọ́n tú àwọn ènìyàn dúdú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn ní ilẹ̀. Ní Kentucky àti ní gbogbo gúúsù, orí ilẹ̀ ẹni tó ti jẹ́ ọ̀gá wọn rí ni púpọ̀ nínú wọn ṣì ti ń dáko, owó tí wọ́n ń rí kò sì tó gbọ́ bùkátà. Ní 1877, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn ọmọ ogun tó ń dáàbò bò wọ́n ní gúúsù kúrò, ẹ̀rù sì túbọ̀ bà wọ́n. Lọ́wọ́ kejì, òfin kan wà láti 1862 pé ẹni tó bá lọ tẹ̀dó sí ilẹ̀ ìjọba ní ìwọ̀ oòrùn, tó dáko síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 5, yóò gba éékà 160 di tirẹ̀. Éékà 160! Ẹni tí kò ní ibi tí yóò gbin ilá sí rí, ẹ wo bí ìròyìn bẹ́ẹ̀ yóò ṣe rí létí rẹ̀.

Ní April 1877, ọkùnrin aláwọ̀ funfun kan tó ń ṣòwò ilẹ̀, W. R. Hill, àti àlùfáà aláwọ̀ dúdú kan, Rẹ́fẹ́rẹ́ndì W. H. Smith, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ láti tẹ ìlú Nicodemus dó. Smith ni ààrẹ, Hill ni akápò. Wọ́n tẹ ìwé ìkéde, wọ́n pín in fún àwọn ènìyàn dúdú ní Kentucky, wọ́n sì yin ilẹ̀ náà dé ojú ọ̀run. Hill ni ìlú Hill City, olú ìlú Graham County títí dòní, fi ń jẹ́ orúkọ. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ ṣe máa ń sọ̀rọ̀.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn kan gbà pé Nikodémù inú Bíbélì, ẹni tó lọ bá Jésù lóru, ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Àwọn mìíràn sọ pé orin kan tí Henry Clay Work kọ ní 1864 ni orúkọ náà ti wá, orin nípa ẹrú kan tí wọ́n bí ní Áfíríkà, tí ń jẹ́ Nicodemus. Èyí kejì ni èmi fara mọ́, nítorí àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ìtàn Nicodemus ẹrú yẹn fún àwọn ọmọ wọn. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé mo fẹ́ sọ wọ́n di ọmọ Yorùbá o. Brazil àti Cuba ni wọ́n kó púpọ̀ jù nínú àwọn ènìyàn wa lọ nígbà òwò ẹrú, díẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà.

Ní oṣù July ọdún náà, Zachary Fletcher àti ìyàwó rẹ̀ Jenny, ọmọ Rẹ́fẹ́rẹ́ndì Smith, ti wà níbẹ̀. Ní September, àwọn tó ju 300 lọ dé lẹ́ẹ̀kan náà láti Kentucky. Ọkọ̀ ojú irin gbé wọn dé ìlú kan tí ń jẹ́ Ellis, ibẹ̀ ni ojú irin sì ti dá wọn dá ẹsẹ̀ wọn. Láti Ellis dé Nicodemus ju máìlì 30 lọ, ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn fi rìn ín, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn àti ẹrù lórí. Ní ìgbà ìrúwé 1878, àwọn mìíràn tún tẹ̀ lé wọn. Ní Ellis, èéyi mú àwọn ọmọdé inú wọn, àwọn kan sì kú kí wọ́n tó fojú kan ibi tí wọ́n ń lọ.

Obìnrin kan wà láàárín àwọn ti 1878 yìí, Willianna Hickman ni orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó sọ bí wọ́n ṣe dé. Ó ní àwọn ọkùnrin pariwo pé Nicodemus rèé, inú òun sì dùn. Òun wò títí, òun kò rí ilé kankan. Òun wá bi ọkọ òun pé ibo ni Nicodemus wà. Ọkọ nawọ́ sí èéfín tó ń rú jáde láti inú ilẹ̀. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ ni àwọn ènìyàn náà ń gbé! Ìyá Hickman ní òun bú sẹ́kún.

Ẹ má dá a lẹ́bi. Kò sí igi tí wọn yóò fi kọ́lé, kò sì sí owó tí wọn yóò fi ra pákó. Nítorí náà, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ bíi kòtò, wọ́n fi igi díẹ̀ àti koríko bò ó lórí, wọ́n yọ ibi tí èéfín yóò gbà. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn kọ́ ilé sórí ilẹ̀, wọ́n gé ilẹ̀ oníkoríko bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n tò ó léra. Ìgbẹ́ ẹfọ̀n gbígbẹ àti pòròpórò igi òdòdó ni wọ́n ń fi dáná. Àwọn tó ní ẹṣin láti fi túlẹ̀ kò ju ìwọ̀nba lọ, ọkọ́ àti ṣọ́bìrì ni púpọ̀ fi ṣe oko ọdún kìn-ín-ní. Ọ̀pọ̀ ìdílé rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì padà sẹ́yìn láì pẹ́. Ìtàn ìlú sọ pé inú bí wọn sí Hill tó bẹ́ẹ̀ tó fi sá pamọ́.

Nígbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, ebi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó kù. Àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ pé àwọn ẹ̀yà Osage tó ń ti ibi ọdẹ bọ̀ ló fún wọn nínú ẹran tí wọ́n pa. Ẹ wò ó, àwọn ọmọ onílẹ̀, tí àwọn fúnra wọn ti di ẹni tí à ń lé kiri, ni wọ́n bọ́ àlejò. Àwọn ọkùnrin lọ gbàṣẹ́ sí ojú irin àti oko olóko, àwọn obìnrin lọ ń fọṣọ fún ará ìlú mìíràn, wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé. Nínú ilé inú ilẹ̀ yẹn kan náà, Jenny Fletcher bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé. Bí àwọn ìyá wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ abẹ́ igi níbí nìyẹn.

Ọdún tó dára

Àwọn tó dúró kò kábàámọ̀ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láàárín ọdún mẹ́wàá, ilé òkúta ti ń rọ́pò ilé inú ilẹ̀. Ìlú náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, hòtẹ́ẹ̀lì, ṣọ́ọ̀bù, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìfìwéránṣẹ́. Ní 1886, ìwé ìròyìn kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tí ń jẹ́ Western Cyclone, ní 1887 òmíràn tún bẹ̀rẹ̀, Nicodemus Enterprise. Abúlé kan tó ní ìwé ìròyìn méjì! Àwọn oníṣòwò aláwọ̀ funfun pẹ̀lú wá ṣí ṣọ́ọ̀bù láàárín wọn.

Ẹni tó lókìkí jù lọ nínú wọn ni Edwin P. McCabe. Ọmọ ìpínlẹ̀ New York ni, ó dé Nicodemus ní 1878, ó ń bá àwọn tó ń bọ̀ wá ilẹ̀. Ní 1880 tí wọ́n dá ìjọba Graham County sílẹ̀, Gómìnà John St. John fi í ṣe akọ̀wé kaúńtì náà. Ní 1882, gbogbo ìpínlẹ̀ Kansas dìbò yàn án ní Ọ́dítọ̀ ìpínlẹ̀, wọ́n sì tún un yàn ní 1884. Ọdún 17 péré lẹ́yìn oko ẹrú, tí ìpínlẹ̀ tí àwọn aláwọ̀ funfun pọ̀ jù nínú rẹ̀ fi ìwé owó ìjọba lé ọkùnrin dúdú lọ́wọ́! Ilẹ̀ àti ìbò tí àwọn ará abúlé yẹn ní ló fún un ní ẹsẹ̀ tó fi dúró.

Ojú irin

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹnikẹ́ni tí bàbá rẹ̀ bá ṣiṣẹ́ rélùwéè mọ̀ pé ojú irin ló ń bí ìlú. Kò sí ẹni tí à ń pe Kafanchan sí létí kí ojú irin tó pàdé níbẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti dé Kano ní 1911, òun ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìjẹ̀bú, wá síbi tí wọ́n ti bí wa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Kansas. Àgbẹ̀ tó bá ní àlìkámà lóko, tí kò sì sí ọkọ̀ ojú irin nítòsí, yóò fi ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e lọ sí ọ̀nà jíjìn, owó tó yẹ kó jẹ́ èrè á sì parí sójú ọ̀nà.

Àwọn ará Nicodemus mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1887, wọ́n gbọ́ pé iléeṣẹ́ rélùwéè Missouri Pacific ń fa ojú irin bọ̀ lágbègbè wọn. Wọ́n dìbò pé kí ìlú yá dọ́là 16,000 láti fún un kó lè gba ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ rántí pé ọdún 10 ṣáájú, inú ihò ni wọ́n ń sùn. Ìwé ìròyìn méjèèjì ń kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tó ń ra ilẹ̀ ń pọ̀ sí i, owó ilẹ̀ ń gòkè.

Ojú irin náà kò dé. Missouri Pacific kò bá wọn parí rẹ̀. Ní 1888, Union Pacific ló fa tirẹ̀, ó sì gbé e gba apá gúúsù odò Solomon kọjá, ní máìlì mélòó kan sí abúlé náà. Odò kékeré tí mo ní kí ẹ má fi wé odò Ọya yẹn ló wá di ààlà. Níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè pàgọ́ sí ní òdìkejì, ìlú tuntun kan dìde tí wọ́n pè ní Bogue. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù Nicodemus bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ síbẹ̀. Kì í ṣe ọjà nìkan ni wọ́n kó, àwọn mìíràn gbé ilé wọn pàápàá kúrò lórí ìpìlẹ̀, wọ́n wọ́ ọ lọ. Ìwé ìròyìn méjèèjì kú.

Ṣé nítorí àwọ̀ wọn ni? Ọ̀pọ̀ ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ kíákíá. Ní ti èmi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìlú aláwọ̀ funfun ni rélùwéè yà sílẹ̀ lásìkò yẹn, tí wọ́n sì kú pátápátá, orúkọ wọn kò sí mọ́. Mo sì tún mọ̀ pé ní ìpínlẹ̀ Illinois, ìlú New Philadelphia, tí Frank McWorter, ẹrú tó fi owó ara rẹ̀ ra ara rẹ̀, tẹ̀ dó ní 1836, ojú irin yà á sílẹ̀ bákan náà ní 1869, ìlú náà sì ṣófo títí ó fi padà di oko. Níbi tí àwọn ọ̀gá rélùwéè ti ń jókòó pinnu ibi tí ojú irin yóò gbà, kò sí ènìyàn dúdú kankan lórí àga. Ibi tí mo lè sọ ọ́ dé nìyẹn.

McCabe pẹ̀lú kúrò. Ó lọ sí Oklahoma, níbi tó ti bá wọn dá ìlú àwọn ènìyàn dúdú mìíràn sílẹ̀ ní 1890, Langston ni wọ́n pè é.

Iye ènìyàn

Àwọn oníṣòwò lọ, àwọn àgbẹ̀ dúró. Èyí ni kò jẹ́ kí ilẹ̀ Nicodemus pa run bíi ti New Philadelphia. Ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, ìwé ilẹ̀ wà nínú àpótí wọn. Wọ́n ń gbin àlìkámà àti ọkà bàbà, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Baptist tí wọ́n kọ́ ní 1907, wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun ní 1918, wọ́n ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù oníkóńdó tiwọn, Nicodemus Blues, tó ń lọ bá àwọn ìlú yòókù díje. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn 1930, ọ̀dá ọlọ́dún gbọọrọ dá. Ìjì eruku tó ń bo oòrùn lójú ní ọ̀sán gangan gbá ilẹ̀ oko lọ. Owó àlìkámà já wálẹ̀, gbèsè báńkì sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀. Ní 1935, ènìyàn 76 ló kù ní abúlé náà. Ní 1950, wọ́n ti di 16.

Ẹni tó bá wo iye yìí nìkan yóò ní abúlé àwọn ènìyàn dúdú náà ló kùnà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo agbègbè náà ló ń ṣófo. Ní 1910, ènìyàn tó wà ní Graham County lápapọ̀ ju 8,000 lọ. Ní 2020, 2,415 ni. Bogue tó gba ọjà lọ́wọ́ Nicodemus, tí ojú irin gba inú rẹ̀ kọjá nígbà kan rí, ènìyàn ibẹ̀ kò tó 200 mọ́. Katakata àti ẹ̀rọ ìkórè ló fà á jù. Oko tó ń fẹ́ ìdílé mẹ́wàá láyé àtijọ́, ọkùnrin kan àti ọmọ rẹ̀ lè dá a lónìí. Ọmọ tó bá sì kàwé tán, kí ni yóò padà wá ṣe? Veryl Switzer, tí wọ́n bí ní Nicodemus ní 1932, di ìlú mọ̀ọ́ká agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ní 1954 ẹgbẹ́ Green Bay Packers mú un ní ipò kẹrin nínú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú lọ́dún náà ní orílẹ̀-èdè wọn. Ibòmíràn ló ti ṣiṣẹ́ ayé rẹ̀, kó tó kú ní 2022. Ta ni yóò dá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dúró lóko?

Àwa náà mọ ìyẹn. Ẹ lọ wo abúlé àwọn bàbá wa lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọdún, ẹ ka àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́ yín. Bàbá mi, tó ní ibi tí ènìyàn ń sùn ni kí wọ́n ti kà á, dolóògbé ní 2011. Ó ti sọ fún wa ṣáájú pé ilé ni kí a gbé òun lọ, a sì gbé e lọ.

Ọjọ́ ìpadàbọ̀

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlú náà ni wọ́n ti máa ń ṣe àjọ̀dún òmìnira. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù August ni wọ́n mú fún un, ní ìrántí ọjọ́ tí òfin ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tú àwọn ẹrú erékùṣù West Indies sílẹ̀ ní 1834. Ẹ rí i pé òmìnira àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n fi ṣe ọdún, wọn kò dúró de tiwọn nìkan. Bí àwọn ènìyàn ṣe ń lọ kúrò ni àjọ̀dún náà ń yí padà, tó fi di ọjọ́ ìpadàbọ̀ sílé. Wọ́n gbé e sí òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn nínú oṣù July, kí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá lè ráyè wá.

Àwọn tó lọ kò sì fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún àwọn tó kù nìkan. Ní 1976, ìjọba àpapọ̀ fi Nicodemus sí àwọn ibi tí ìtàn orílẹ̀-èdè kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ní 1988, àwọn ọmọ ìlú, tí púpọ̀ wọn kò gbé ibẹ̀, dá ẹgbẹ́ ìtàn sílẹ̀. Wọ́n ń gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, wọ́n ń kó àwòrán jọ, wọ́n ń kọ̀wé sí ìjọba. Ní November 1996, òfin jáde tó sọ ibẹ̀ di ibùdó ìtàn lábẹ́ iléeṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn ọgbà ìjọba. Ilé 5 ni wọ́n ń dáàbò bò: ṣọ́ọ̀ṣì A.M.E., ṣọ́ọ̀ṣì Baptist àtijọ́, hòtẹ́ẹ̀lì St. Francis tí ìdílé Fletcher ní, ilé ẹ̀kọ́ ti 1918, àti gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta ẹfun kọ́, tó parí ní 1939. Ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú tó wà lájò ló ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tó mú èyí ṣeé ṣe, owó àti ìpàdé bíi tiwa yìí náà sì ni wọ́n fi ṣe é. Mo rò pé kí àwọn tó ń pẹ́ san owó oṣù wọn nínú ẹgbẹ́ wa gbọ́ ìyẹn.

Lónìí, ọ̀nà mọ́tò kan tí wọ́n ń pè ní 24 gba ẹ̀gbẹ́ abúlé náà kọjá. Ẹni tó bá ń sáré lè kọjá rẹ̀ kó má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí oṣù July bá ń parí lọ, ọ̀nà yẹn ni wọ́n máa ń gbà dé, láti Denver, láti Topeka, láti California. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tó kó lọ nígbà ọ̀dá wà nínú wọn, àwọn ọmọdé tí kò sun ibẹ̀ rí àfi nígbà àjọ̀dún náà wà nínú wọn pẹ̀lú. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí abúlé ká, wọ́n á dáná, wọ́n á jó, àwọn àgbà á máa fi han àwọn ọmọ ibi tí ilé inú ilẹ̀ ti ìyá ìyá wọn wà. Ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n á jọ sìn. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mọ́tò á tún gba ọ̀nà 24 lọ, ìjọba á sì ka olúkúlùkù síbi tó ń sùn. Tí ẹ bá bi wọ́n ní Denver pé ọmọ ibo ni wọ́n, Nicodemus ni wọ́n á dárúkọ.